Ilé Tí Kò Gba Ìdọ̀bálẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá kò fẹsẹ̀ rìn wá. Táyà mẹ́fà ló gbé e wá, ó sì dínà iwájú ilé mẹ́ta ní àdúgbò West Ridge kó tó ráyè dúró. RV ni, irú ọkọ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sínú rẹ̀, tí ẹni tó bá ń gbé inú rẹ̀ lè máa wa ilé rẹ̀ kiri. Ààfin tí à ń wí náà kò sì ju yàrá abẹ́ ilé Olóyè Adéníjì lọ. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Olóyè fi ta oògùn ní Chicago kó tó fẹ̀yìn tì, kí àwọn Yorùbá ìlú náà tó fi í jẹ baálẹ̀ wọn. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi àìsàn lẹ́nu èèyàn, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ẹjọ́ kankan yà á lẹ́nu mọ́.

Muminat ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ nínú RV, ikùn ṣáájú, òun tẹ̀ lé e. Nọ́ọ̀sì ni. Ọjọ́ kọkàndínlógún sí ọjọ́ náà ni àwọn dókítà dá fún iṣẹ́ abẹ tí wọn yóò fi gbé ọmọ inú rẹ̀ jáde. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀, Alhaji Daud, ló wá láti Ìsẹ́yìn kí ó lè gbé ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó sì pè é lórúkọ níjọ́ ìkómọ. Ṣùgbọ́n bàbá ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní ọjọ́ Túsìdeé ni òun ń padà sílé, nítorí ọkọ Muminat fojú òun gbolẹ̀. Muminat sunkún, sunkún, kò ràn án. Ó wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí Olóyè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ó tó lọ. Bàbá gbà, nítorí ó dá a lójú pé òun ni yóò jàre.

Ní ìsàlẹ̀, Olóyè ti jókòó. Augustine, Ọ̀tún rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá nílé ìkẹ́rùsí kan ní Joliet, wà lápá ọ̀tún. Ìyálóde Ìbíyínká, tó ń ṣe alágbàtà ilé, wà lápá òsì. Muminat fẹ́ kúnlẹ̀, gbogbo wọn pariwo mọ́ ọn pé kí ó jókòó. Ọkọ rẹ̀, Abdulfatah, ló wọlé tẹ̀ lé e. Kò tilẹ̀ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tó fi nà gbalaja síwájú Olóyè. Ọmọkùnrin náà ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́rin. Orí rẹ̀ kan bàtà Olóyè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ẹ̀rọ ìfọṣọ.

“Ẹ má jẹ́ kó dìde!” Alhaji Daud ló kígbe láti ẹnu ọ̀nà. “Olóyè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dìde! Ẹ̀rí mi àkọ́kọ́ nìyẹn!”

“Ẹ̀rí kí ni, Alhaji?”

“Pé ó mọ̀ ọ́n ṣe! Ọjọ́ mẹ́tàlélógún gbáko ni mo ti wà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin yìí, kò dọ̀bálẹ̀ kí mi lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Á kàn mi orí bí alángbá, á ní, ‘Good morning, Daddy.’ Mo tiẹ̀ ń ṣàánú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé ẹ̀yìn ló ń dùn ún. Ẹ wá wò ó bó ṣe tẹ́ bí ẹní!”

“Olóyè,” Abdulfatah wí láti ilẹ̀, “ṣé kí n dìde, sir?”

“Dúró síbẹ̀ ná. Ẹ̀rí ni ọ́.”

Alhaji jókòó, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. “Olóyè, èmi yìí, ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́rin ni mo ti ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Kọmíṣọ́nnà kan wà nílé tó ń dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú títì títí di òní, torí pé mo ti nà án rí. Ọmọ mi ni mo fún èyí, n kò tiẹ̀ nà án. Kí ni mo wá ṣe fún un?”

“Kí lẹ fẹ́ kí a bá yín ṣe?”

“N kò fẹ́ kí ẹ ṣe nǹkan kan. Túsìdeé ni mò ń lọ. Mo kàn fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ Túsìdeé yìí dun Muminat dé ọkàn. Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí.

“Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà,” Olóyè wí. “Abdulfatah, dìde, kí o rojọ́ tìrẹ.”

Abdulfatah dìde, ó gbọn eruku àyà rẹ̀. “Olóyè, kì í ṣe ìgbéraga, I swear. Àyè ni ò sí. Contract ìyàwó mi ló sọ wá di ará inú RV. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ní ilé ìwòsàn kan ní Rockford, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ní Peoria, ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ní Joliet. Apartment wo la fẹ́ máa kó kiri? Inú RV yẹn, sir, ẹni méjì ò lè pàdé ní kọ́rídọ̀ àfi tí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó.”

“Square feet mélòó ni?” Ìyálóde bi í.

“Wọ́n ní igba àti mẹ́wàá, ma.”

“Mo ti ta gáréèjì tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Irọ́ ni!” Alhaji ti tún dìde. “Inú RV yẹn kan náà ló ti ń kírun lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Tó bá ti di ti Ọlọ́run, àyè wà. Tó bá ti kan Daud, àyè tán!”

“Ìrun kíkí, orúnkún la máa ń ká, Bàbá. Ìdọ̀bálẹ̀ ò ní orúnkún.”

Augustine mi orí. Ó rí òótọ́ níbẹ̀.

“Nítorí náà,” Olóyè ní, “o gbà pé o kò dọ̀bálẹ̀.”

“Ó tì o, Olóyè. Mò ń dọ̀bálẹ̀. Nínú ọkàn ni mo ti ń ṣe é.”

“Nínú kí ni?”

“Nínú ọkàn mi, sir. Gbalaja ni mo máa ń nà sílẹ̀ níbẹ̀. Kò sí àárọ̀ kan tí n kì í ṣe é.”

“Ọkàn rẹ fẹ̀ ju RV lọ?”

“Dáadáa, sir.”

“Ta lẹlẹ́rìí ìyẹn?” Augustine bèèrè.

“Ọjọ́ kan tiẹ̀ wà,” Abdulfatah ń bá ọ̀rọ̀ lọ, “tí mo ṣe é ní instalment. Mo fọwọ́ méjèèjì kan ilẹ̀ ní kíṣìnì, mo gba ẹ̀gbẹ́ Bàbá kọjá, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, mo wá lọ na ẹsẹ̀ tó kù sórí bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹ bá rò wọ́n pọ̀, Olóyè, odindi ìdọ̀bálẹ̀ kan ni.”

“Orí bẹ́ẹ̀dì!” Ohùn Alhaji gba gbogbo abẹ́ ilé náà. “Olóyè, ó lọ sùn ni! Mo dúró ní kíṣìnì, mò ń retí kó parí ìkíni, mo wá gbọ́ tí ó ń hanrun!”

“Mo ṣiṣẹ́ mọ́jú lórí kọ̀ǹpútà ni, Bàbá.”

Muminat wo ọkọ rẹ̀. Àná kọ́ ló mọ̀ pé kò sí arékérekè nínú ọkùnrin yìí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìyẹn náà lè kó èèyàn sí wàhálà tó báyìí.

“Ṣé kò wá sí ọjọ́ kan,” Olóyè bèèrè, “tí o dọ̀bálẹ̀ tí kò pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ?”

“Ó wà, sir. Sunday tó kọjá. Ìta ni mo ti ṣe é, lórí koríko. Mo ní ẹlẹ́rìí.”

Wọ́n pe Tìmí wọlé. Homewood, lẹ́bàá Chicago, ni wọ́n ti bí Tìmí, báńkì ló ń bá ṣiṣẹ́, RV tirẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ní Joliet. Ó tẹ orí ba, ó fọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì díẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sir.”

“Ọ̀sán ni.”

“Okay, ẹ káàsán, sir. So, mo rí i with my own eyes. He was flat, like, pátápátá. Àyà rẹ̀ wà on the ground, koríko wà nínú beard rẹ̀. Daddy dúró ní window. Abdulfatah wá ní, ‘Ẹ káàárọ̀, sir.’ Mo ní wow, that’s respect.”

Abdulfatah mí kanlẹ̀. Alhaji nawọ́ sí obìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn. Ràódàt ni, nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ Muminat, tó ti wà lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́ náà.

“Olóyè, òótọ́ ló dojú bolẹ̀,” Ràódàt wí. “Ẹja ni mo gbé wá fún Muminat, mo sì bá ọkọ rẹ̀ lábẹ́ mọ́tò. Páìpù tí ìgbọ̀nsẹ̀ ń gbà jáde ló ń so.”

Ojú gbogbo ààfin yí sí Abdulfatah.

“Orí rẹ̀ kọjú sí ibo?” Olóyè bèèrè.

“Sí táńkì ìgbọ̀nsẹ̀, sir.”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?”

“Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló nà síta, sí abẹ́ fèrèsé tí Alhaji dúró sí.”

“A!” Ìyálóde fọwọ́ bo ẹnu.

“Mo gbọ́ ohùn Bàbá ní window ni,” Abdulfatah ṣàlàyé. “Mo sì rò pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti wà nílẹ̀, kí n kúkú lò ó.”

“Táńkì lo kí,” Augustine wí. “Àna rẹ lo na ẹsẹ̀ sí.”

Tìmí gbé ọwọ́ sókè. “Can I just say, láti ibi tí mo wà, ó jọ ìdọ̀bálẹ̀ gan-an.”

“Níbo lo wà?”

“Inside my own RV, sir. Mo ń fọ eyín. I only saw, like, the top half.”

“Àbọ̀ òkè ló wà lábẹ́ mọ́tò,” Ràódàt dá a lóhùn.

Tìmí ronú díẹ̀. “Then it was the bottom half.”

“Ìwọ tí o ní o rí koríko nírùngbọ̀n rẹ̀?”

Tìmí jókòó. Olóyè wo àjà fún ìgbà díẹ̀, bí ó ṣe máa ń ṣe nígbà tí ìwé dókítà kò bá ṣeé kà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì wọ kóòtù rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká lọ wo ilé tí kò gba ìdọ̀bálẹ̀ yìí.”

Wíwọlé wọn kò yá. Ìyálóde kọ́kọ́ wọlé, ó lọ jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga awakọ̀. Augustine wọlé, ó rí i pé òun kò lè yípadà, ó jáde, ó fẹ̀yìn wọlé. Muminat gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, oyún ń ṣáájú, ó lọ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn. Alhaji wọlé, ó dúró ní kíṣìnì, Abdulfatah ká ara rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Tábìlì ìjẹun àti àwọn àga rẹ̀ kò ṣeé jókòó sí. Páálí ìlédìí ọmọ ló kún ìsàlẹ̀ wọn, firísà funfun kan ló sì wà lórí gbogbo rẹ̀, tí ìdí rẹ̀ yọ sí kọ́rídọ̀. Àga kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù fún Olóyè. Wọ́n ti ìdérí rẹ̀ dé, wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura lé e, Olóyè sì wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó jókòó, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹlẹ́rìí dúró sí ìta, wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé.

“Ọ̀tún, ẹ wọ̀n ọ́n.”

Augustine kì í kúrò nílé láìmú téèpù ìwọ̀n dání. “Láti ìdí firísà dé ẹsẹ̀ yín, Olóyè, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin àti íǹṣì méjì.”

“Abdulfatah. Dọ̀bálẹ̀.”

Ó gbìyànjú. Ó fi àyà lélẹ̀, firísà dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró, ẹsẹ̀ náà sì gbé ara wọn sókè. Orí rẹ̀ wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó wà láàárín bàtà Olóyè méjèèjì.

“Ẹ kú ìjókòó, sir,” ó wí láti ibẹ̀.

“Ó jọ pé òótọ́ ló sọ,” Augustine wí.

“Ọ̀rọ̀ square feet ni,” Ìyálóde dáhùn láti iwájú. “Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.”

Ẹ̀rù ba Muminat. Ó rí i pé ẹjọ́ fẹ́ parí síbẹ̀, ó sì rí ojú bàbá rẹ̀. Bí wọ́n bá dá Alhaji lẹ́bi báyìí, kò ní dúró de Túsìdeé pàápàá. Alẹ́ ọjọ́ náà ni yóò máa wá ọkọ̀ òfuurufú.

Ṣùgbọ́n Olóyè kò tíì dájọ́. Ó fi ọwọ́ lérí orúnkún, ó wo Alhaji pẹ́ títí.

“Alhaji, ẹ ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́rin. Ẹ mọ̀ pé mẹ́fà kò lè wọ inú mẹ́rin. Ẹ ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tí ẹ dé. Kí ló ń dùn yín gan-an?”

Alhaji yí ojú kúrò. Ó ń wo páálí ìlédìí.

“Níbo lẹ ń sùn níbí?”

Bàbá náà nawọ́ sókè. Lókè ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, wọ́n fi pákó ṣe bẹ́ẹ̀dì kan tí àjà rẹ̀ kò ga ju kí èèyàn yí ẹ̀gbẹ́ padà lọ.

“Èmi ni mo fi Bàbá síbẹ̀, sir,” Abdulfatah tètè wí. Ó ti dìde. “Mo rò ó dáadáa. Òkè ni ibi àgbà. Ta ni yóò gbé bàbá ìyàwó rẹ̀ sí ìsàlẹ̀?”

“Alhaji,” Olóyè wí, “ẹ fi hàn wá bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀.”

“N kò sọ̀.”

“Ẹ jọ̀ọ́.”

Bàbá náà bọ́ bàtà. Ó ká agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó gun àkàbà kékeré kan, ó fà wọ inú ihò náà lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ jáde, nínú ìbọ̀sẹ̀ tí Muminat rà fún un nígbà tó dé. Ó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà, ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá àkàbà tí yóò tẹ̀, kò rí i. Abdulfatah sáré lọ, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Ó di ọrùn ẹsẹ̀ bàbá mú, ó fi í lé ẹ̀yìn àga awakọ̀, ó sì rọra fọwọ́ gbá a lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta.

“Ó dáa, Bàbá. Ẹ rọra. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí.”

Kò sí Yorùbá kan níbẹ̀ tí kò mọ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Ẹnì kan dojú bolẹ̀, ẹnì kejì fọwọ́ bà á lẹ́yìn, ó sì súre fún un. Bí ọmọ ṣe ń kí bàbá nìyẹn, bí bàbá ṣe ń dá ọmọ lóhùn sì nìyẹn. Ọwọ́ Abdulfatah dúró lófuurufú. Òun náà ti rí i.

“Ẹ ti rí i fúnra yín báyìí,” Alhaji wí. Ojú rẹ̀ ṣì wà nínú tìmùtìmù. “Ọjọ́ mẹ́tàlélógún. Mo máa ń lọ́ra láti jí, torí pé mo mọ̀ pé ó ti jókòó sísàlẹ̀ pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Èmi ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún un, Olóyè. Èmi Daud. Ó sì máa ń gbà á.”

Muminat kò mọ̀. Nígbà tó ṣì ń lọ síbi iṣẹ́, aago márùn-ún ìdájí ló máa ń jáde. Láti ìgbà tó sì ti dá iṣẹ́ dúró, oorun oyún kì í jẹ́ kó tètè jí. Ó ń wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ lórí àga yẹn. Àánú ṣe é, ojú sì tì í, ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ yẹn.

Wọ́n ran Alhaji lọ́wọ́ tó fi sọ̀ kalẹ̀. Ìyálóde yí àga rẹ̀ padà.

“Ẹ dákun, kí ló dé tí Bàbá ò fi sùn sí ìsàlẹ̀ níbí? Gbogbo RV ni tábìlì ìjẹun rẹ̀ máa ń di bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n kàn máa ń tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ni.”

“Firísà ló wà níbẹ̀, ma,” Abdulfatah wí.

“Mo rí firísà. Ta ló gbé e síbẹ̀?”

“Èmi ni, ma.”

“Irọ́ ni.” Muminat ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó di etí ilẹ̀kùn mú, ó sì dìde. “Olóyè, ó ń bò mí láṣìírí ni. Èmi ni mo ra firísà. Ó ní kí a gbé e kúrò nígbà tí Bàbá fẹ́ dé, èmi ni mo kọ̀.”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Ewúrẹ́ méjì, sir. Àti ẹja. Ti ìkómọ ni. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn jẹ, kí wọ́n yó, lójú bàbá mi. Mọ́mì mi ò ní sí níbẹ̀. Mo fẹ́ kó dà bíi pé ẹnì kan dáná.”

Alhaji gbé orí sókè, ó wo ọmọ rẹ̀. Òun náà kò mọ̀.

Olóyè nawọ́ sí firísà láti orí àga rẹ̀. “O tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ẹran ìkómọ,” ó wí, “o wá gbé ẹni tó máa sọ ọmọ lórúkọ sórí àjà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sir.”

“Ó dáa. Ìdájọ́ mi nìyí, kí ẹnikẹ́ni má dìde, torí pé bí ẹnì kan bá dìde gbogbo wa la máa dìde. Ìkíní, firísà yìí ń lọ sí ààfin lónìí. Itan ewúrẹ́ kan jẹ́ ti ààfin, fún owó iná. Ìkejì, Alhaji yóò máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tábìlì. Ìkẹta, Abdulfatah, ìwọ lo máa máa sùn sókè yẹn.”

“Olóyè, kò gùn tó mi!”

“Ká ẹsẹ̀ rẹ. Ọmọ inú ìyàwó rẹ náà ká tirẹ̀, kò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.”

Abdulfatah wo òkè, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Láràárọ̀, ìwọ lo máa dojú bolẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Alhaji yóò ti jókòó sórí àga awakọ̀, yóò fọwọ́ bà ọ́ lẹ́yìn, yóò sì súre fún ọ. Ìdọ̀bálẹ̀ mẹ́tàlélógún lo jẹ ẹ́. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.”

“Sir, mo lè san gbogbo rẹ̀ báyìí. Koríko wà níta. Ìṣẹ́jú márùn-ún.”

“Rárá. Inú ọkọ̀ yìí lo ti jẹ ẹ́, inú rẹ̀ náà lo ti máa san án. Kò sì sí instalment.” Olóyè wá yíjú sí bàbá náà. “Alhaji, ẹ̀yin náà ní ẹ̀bi. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin tún fẹ́ kúrò lọ́jà kí ọmọ tó dé. Nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún kì í yí ẹ̀yìn padà kí ẹni tó wà nílẹ̀ tó dìde. Títí ọmọkùnrin yìí yóò fi san mẹ́tàlélógún náà tán, ó ṣì wà nílẹ̀ níwájú yín. Ẹ ò lè lọ ní Túsìdeé.”

“Ìgbà tó bá parí ńkọ́?”

“Ìgbà tó bá parí, ẹ lè máa lọ.”

Muminat ti ń kà á. Ọ̀la ni àárọ̀ àkọ́kọ́. Àárọ̀ kọkàndínlógún ni iṣẹ́ abẹ, bàbá rẹ̀ yóò wà níbẹ̀, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹjọ ni ìkómọ, àárọ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Ó tún un kà lórí ìka. Mẹ́ta ló fi dín. Ta ni yóò pe ọmọ náà lórúkọ? Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn kì í bá baálẹ̀ ná ìdájọ́, àgàgà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ̀bi ọ̀ràn firísà. Ó wolẹ̀.

“Ìṣirò Olóyè kò pé,” Alhaji Daud wí.

Gbogbo wọn wò ó. Ó ti fìlà rẹ̀ dé padà, ó sì ti dúró bí ẹni tó dúró níwájú kíláàsì.

“Kò pé báwo, Alhaji?”

“Mẹ́tàlélógún ni ti àìkí mi. Ìyẹn dúró. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kí táńkì, tó na ẹsẹ̀ sí mi, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ẹ fi kan lé e. Ọjọ́ tó fi ìkíni mi hanrun, ẹ tún fi kan lé e. Òní yìí ńkọ́? Ó tún fọwọ́ bà mí lẹ́yìn níwájú gbogbo ìgbìmọ̀.” Kò wo Muminat rárá. Olóyè nìkan ló ń wò. “Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. N kò ní gbà kí ó dín kan.”

Olóyè ronú sí i. “Ó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n,” ó wí.

Muminat bú sẹ́kún. Nínú RV yẹn kò sí ibì kan tí èèyàn lè lọ sá pamọ́ sunkún sí, nítorí náà iwájú gbogbo wọn ló ti sun ún.